Ojú Ìbejì Jọra, Ìka Wọn Ò Jọra

Ẹ BI BÀBÁ ONÍTẸ̀KA

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbejì ọkùnrin ni mo bí, wọ́n jọra débi pé bàbá wọn gan-an a máa ṣì wọ́n pè. Lọ́dún tó kọjá, ọlọ́pàá kó Táíwò mọ́ àwọn ọmọkùnrin kan ní gáréèjì ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìgbé e dé kóòtù. Ní báyìí, Kẹ́hìndé fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nítorí físà. Ṣé kọ̀ǹpútà wọn ò ní í gbé ọ̀ràn Táíwò lé e lórí? — Ìyá Ìbejì, Ìyàrá

Ìdáhùn: Okun o, Ìyá Ìbejì. Ní ti ìka, ẹ fọkàn balẹ̀. Inú oyún ni ìlà ìka ti ń là, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ṣe sùn sí, bó ṣe ń yí, wà lára ohun tó ń darí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtẹ̀ka ìbejì fi ń yàtọ̀, bí ojú wọn ti wù kó jọra tó.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, màá di ọrùn ọwọ́ èèyàn mú, màá yí ìka náà nínú yíńkì láti ẹ̀gbẹ́ èékánná kan dé èkejì, màá tún yí i lórí káàdì. Ẹni tó bá wa ọwọ́ le ló ń ba káàdì jẹ́, nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n wo ògiri, kí wọ́n gbàgbé ọwọ́ wọn sọ́dọ̀ mi. Bí ẹ bá wá gbé awò lé e, ẹ ó rí ìlà tó yípo bí omi tí wọ́n sọ òkúta sí. Ìlà kan á dúró lójijì, òmíràn á ya sí méjì. Ibi dídúró àti ibi yíyà yẹn la ń kà, òun náà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ìka sì ni wọ́n fi ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Alágbọn, n'Ìkòyí, l'Ékòó, kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ìwà. Ti Kẹ́hìndé ò lè di ti Táíwò.

Ojú ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ máa ń sọ ojú di nọ́ńbà ni, á wá wá nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù. Bí bàbá tó bí wọn bá ń ṣì wọ́n pè, kí ni ẹ̀rọ máa ṣe? Kò tilẹ̀ dìgbà tó bá jẹ́ ìbejì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ọlọ́pàá ìlú Detroit, l'Amẹ́ríkà, mú Robert Williams, aláwọ̀ dúdú, níwájú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀, torí ẹ̀rọ sọ pé fọ́tò ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ jọ ti olè tó jí aago ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó gbé fọ́tò olè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé òun kọ́. Nǹkan bíi wákàtí 30 ló lò ní àtìmọ́lé. Ní 2024 ni ìlú náà gbà láti san 300,000 dọ́là fún un, wọ́n sì gbà pé àwọn ò ní í torí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan mú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ṣé ìka wá mọ́ pátápátá ni? Ó dọwọ́ ẹni tó ń kà á. Lẹ́yìn bọ́ǹbù inú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid ní 2004, kọ̀ǹpútà FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, kó orúkọ èèyàn 20 jáde tí ìka wọn sún mọ́ èyí tí wọ́n rí lára àpò kan. Brandon Mayfield, lọ́yà kan ní Oregon, wà nínú wọn. Àwọn àgbà iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òun ni. Wọ́n tì í mọ́lé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọlọ́pàá Spéìnì tó fi hàn pé ará Algeria kan ló ni ìka náà. Mílíọ̀nù 2 dọ́là ni ìjọba Amẹ́ríkà san fún un. Iṣẹ́ mi nìyẹn o, ó sì dùn mí.

Ní ti Táíwò fúnra rẹ̀: òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ gíga ẹni tí wọ́n mú sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ìka rẹ̀. Kí wọ́n tẹ ìka èèyàn ò sọ ọ́ di ọ̀daràn. Síbẹ̀, kó lọ gba ìwé ní àgọ́ náà pé wọ́n fi í sílẹ̀ láìsí ẹ̀sùn, kó sì tọ́jú rẹ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 fún wa láṣẹ láti ní kí wọ́n tún ohun tí wọ́n kọ nípa wa ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, àmọ́ ó dẹwọ́ fún àwọn tó ń wádìí ọ̀daràn, ibẹ̀ sì ni lọ́yà ti wúlò. Lójú tèmi, ó yẹ ká ṣe bí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg ṣe sọ fún Bìrìtìkó ní 2008, pé kí wọ́n má tọ́jú ìka ẹni tí kò jẹ̀bi títí ayé.

Ìbéèrè: Ṣé ọlọ́pàá tó dá mi dúró lójú ọ̀nà Ọ̀bàjánà lè fi NIN wo gbogbo ọ̀rọ̀ mi? — Awakọ̀, Kábà

Ìdáhùn: Rárá o. Ọwọ́ NIMC, àjọ tó ń fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ni àkọsílẹ̀ yẹn wà, òfin wọn ti 2007 sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i láìgba àṣẹ wọn. Ó yọ̀ǹda àyè fún ọ̀rọ̀ ààbò àti ìwà ọ̀daràn, àmọ́ àyè ọ̀hún kì í ṣe ti ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì dání lójú títì. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín ni kí ẹ fi hàn án.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ NIN ò gba ìka mi. Ṣé mo ti dẹni tí kò ní ìka ni? — Àgbẹ̀, Mọ̀pà

Ìdáhùn: Ọkọ́ àti ẹ̀gẹ́ bíbó ló bó ìlà ìka yín. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ awọ, á tún hù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín bó ẹ̀gẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ máa fi òrí pa ìka lálaalẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi ọṣẹ fọ òrí náà kúrò, kí ẹ sì nu ọwọ́ gbẹ, torí ọ̀rá máa ń ba gíláàsì ẹ̀rọ wọn jẹ́.