Ẹ Má Pààrọ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà Nítorí Géèmù Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ra láptọ̀ọ̀pù tuntun, mo fi géèmù kan tí mò ń gbá láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn sórí rẹ̀. Àárín ojú kọ̀ǹpútà ló kó ara jọ sí, dúdú ló yí i ká. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́ ní ojú rẹ̀ ló bàjẹ́, kí n pààrọ̀ ẹ̀. Níbo ni mo ti lè rí ojúlówó rà l'Ábẹ̀òkúta?

Ìdáhùn: Ẹ má ra nǹkan kan. Bí Windows àti fídíò bá ń hàn kún ojú rẹ̀ láti etí dé etí, ojú yẹn ò bàjẹ́. Irú ìmọ̀ràn yìí ń bí mi nínú, torí owó olówó ló ń bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù ayé ìgbà yẹn, 640 ní ìbú, 480 ní òró ni wọ́n ya àwòrán wọn sí. Píksẹ́lì là ń kà yẹn, àwọn ẹyọ iná kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ojú láptọ̀ọ̀pù tòde òní sábà máa ń jẹ́ 1920 ní ìbú, 1080 ní òró. Tí a bá na 480 títí tó fi di 1080, 640 á di 1440. Ó ku 480: 240 lọ́tùn-ún, 240 lósì. Dúdú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá fi tipátipá nà á kún un, gbogbo èèyàn inú géèmù á sanra bí àgbá.

Dúdú tòkè àti tìsàlẹ̀ la máa mú kúrò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Alt àti Enter pa pọ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ ṣí ètò Intel tàbí NVIDIA tó ń darí àwòrán, ẹ wá Scaling, kí ẹ yan èyí tó ní aspect ratio (ìwọ̀n ìbú sí òró) nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àmì géèmù náà, ẹ wọ Properties, ẹ wọ Compatibility, ẹ máàkì Disable fullscreen optimizations. Change high DPI settings wà níbẹ̀ náà: ẹ máàkì Override, ẹ fi í sí Application, kí Windows má bàa máa fẹ àwòrán náà lójú fún un.

Tó bá ṣì kọ̀, ètò kan tó ń jẹ́ dgVoodoo2 ló kàn. Òun ló ń túmọ̀ DirectX àtijọ́, ìyẹn ohun tí géèmù fi ń ya àwòrán lórí Windows, sí tòde òní. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì ti da fáìlì ibi tí ẹ gbá géèmù dé sórí fláàṣì ná. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa antivirus, ẹ sá fún un.

N kò rí ẹ̀rọ yín o. Bí ìlà tàbí àbàwọ́n bá ń hàn lójú rẹ̀ látìgbà tí ẹ bá ti tàn án, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u ní Pánṣẹ́kẹ́ ṣáájú o, torí wárántì lè tibẹ̀ bọ́.