Ọta .22 wo ló péye jù fún yíyìn sí àmì tó jìnnà?

Ọta .22 LR (Long Rifle) oní 40 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí orí ọta ṣe wúwo tó) tí wọ́n ṣe fún ìdíje, tí eré ẹ̀ ò tó ti ìró, ni kó o rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ high velocity sí. Ìró máa ń sáré bíi 1,125 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, high velocity sì ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí 1,250, tí eré ẹ̀ bá wá já sábẹ́ ti ìró lójú ọ̀nà, á máa gbọ̀n, á sì yà. Èyí tó ń jáde ní bíi 1,070 ò níṣòro yẹn, àmọ́ tí òtútù bá mú gan-an, eré ìró náà máa ń dín kù, ọta yẹn náà sì lè wá yára jù ú lọ.

Lapua àti SK láti Schönebeck ní Jámánì, àti Eley ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, làwọn tó ń díje sábà máa ń lò. Ìbọn kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó bá a mu o, kódà lot méjì (lot ni àwọn ọta tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) nínú ọta kan náà lè yàtọ̀ pátápátá, torí náà wo nọ́ńbà lot lára páálí, dán mélòó kan wò ní 100 yáàdì, lot tí ihò ẹ̀ ò tò lọ sókè sódò ni kó o rà lọ́pọ̀.