Ògiri ló ń kun ojú ọmọ yẹn, kì í ṣe kámẹ́rà

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìpẹ̀rù-Rẹ́mọ ni mò ń gbé. Látìgbà tí mo ti jókòó sílé, nǹkan méjì ni mo fi ń dára yá, kí n máa fọwọ́ ara mi tún ilé ṣe, kí n sì máa ya àwọn ọmọ-ọmọ mi ní fọ́tò pẹ̀lú kámẹ́rà tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá mo ra rólà, mo kun pálọ̀ mi ní gírínì tó tàn dáadáa, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, fọ́tò yòówù tí mo bá yà níbẹ̀, ojú ọmọ á kàn rí gírínì-gírínì bí ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, kí n lọ ra òmíì. Ìsàlẹ̀ ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀ náà sì ti ń bó. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kúulé mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra kámẹ́rà kankan o, ẹ fowó yẹn pamọ́. Kò sí nǹkan tó ṣe kámẹ́rà yín, pẹ́ǹtì yín ló ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ẹ bẹ̀ ẹ́ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìmọ́lẹ̀ tó gba wíńdò wọlé, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa lọ bá ojú ọmọ tààrà, púpọ̀ nínú ẹ̀ á kọ́kọ́ gbá ògiri, á ta padà bíi bọ́ọ̀lù, kó tó wá bà lé ọmọ náà lójú. Ògiri gírínì á ti gbé èyí tó pọ̀ nínú àwọ̀ tó kù mì, gírínì ló máa tu jáde. Nítorí náà ògiri yẹn ti di iná kejì nínú pálọ̀ yín, iná gírínì. Ẹ̀yin ò rí i torí pé ojú èèyàn máa ń mọ́ra, tí ẹ bá ti wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ọpọlọ yín á ti yọ ọ́ kúrò láìsọ fún yín. Kámẹ́rà máa ń gbìyànjú ẹ̀ náà, àmọ́ kò gbọ́n tó yẹn.

Tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ ṣe é wò láàárọ̀ ọ̀la ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹ paná gbogbo glóòbù, ẹ mú ìwé funfun kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì kó dúró bí òrùlé, ẹ gbé e sún mọ́ ògiri bíi ká ní ìka mẹ́rin ló kù kó kàn án. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri, ẹ wá wo èyí tó kọjú sí wíńdò. Ìwé kan náà ni o.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo fẹ́ kó yàtọ̀, mo bá kun gbogbo ẹ̀ ní píǹkì, àní títí dé àjà. Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá ya fọ́tò pẹ̀lú gáùn funfun báláú, mo tẹ̀ ẹ́ jáde tán, gáùn ti dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ pọ̀ mọ́ àǹkárá pupa. Ìyá ìyàwó kàn wò mí, ó ní "bọ̀dá, ṣé ẹ bá wa pa á láró ni?" Mo dá owó wọn padà, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yá rólà lọ́wọ́ pẹ́ńtà tó wà lẹ́yìnkùlé.

Àmọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan pẹ́ǹtì. Ọ̀nà tí ò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ gbé ọmọ yẹn sún mọ́ wíńdò, kó má jìnnà jù bí apá àgbàlagbà kan ṣe gùn tó, kó kọjú sí ìta díẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé nítòsí wíńdò, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà láti ìta pọ̀ débi pé ti ògiri ò já mọ́ nǹkan kan, àmọ́ bí ẹ bá ṣe ń wọ inú pálọ̀ lọ ni tìta á máa dín kù, tí ti ògiri á máa gbapò, títí ẹ fi máa dé ìdí tẹlifíṣọ̀n lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ti kan ògiri ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ìka mi búra pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń yà wọ́n. Tí ọmọ bá ti wà létí wíńdò, ẹ ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun sórí àga méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, èyí tí wíńdò ò sí, kó jẹ́ funfun ló máa ta padà sí i lára. Gírínì yẹn ṣì lè wà lẹ́yìn ọmọ lọ́ọ̀ọ́kán, á tiẹ̀ dáa nínú fọ́tò, kó ṣáà ti jìn sí i tó bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ tún wo ìta wíńdò náà o. Tí igi máńgòrò bá bò ó, ewé yẹn ń ṣe ohun tí pẹ́ǹtì ń ṣe. Kọ́tìnì, rọ́ọ̀gì, aṣọ tí ọmọ wọ̀ pàápàá, búbá aláwọ̀ ọsàn á máa ta pupa sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ rántí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba 2024, èyí tó gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan? Ìta gbangba ni, kò sí ògiri kankan nítòsí tó máa da àwọ̀ tiẹ̀ sí i lójú.

Nínú kámẹ́rà yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ white balance sí, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ fún kámẹ́rà ohun tó jẹ́ funfun, ẹ yan custom, kí ẹ ya ìwé funfun níbi tí ọmọ máa jókòó sí gan-an. Á ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ kò lè ṣe gbogbo ẹ̀, torí tí wíńdò bá ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ ojú kan tí ògiri gírínì ń tàn sí èkejì, bí kámẹ́rà bá ṣe ń yọ gírínì kúrò níbí ni ọ̀hún á máa di àlùkò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tún ibi ìjókòó ṣe ná. Kí ẹ sì paná glóòbù pupa tẹ́ ẹ bá ń lo ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, àwọn méjèèjì kì í bára wọn ṣe. Tó bá jẹ́ alẹ́ tí ẹ wá ń rí ìlà dúdú tó là kọjá nínú fọ́tò, iná NEPA ló fà á, 50 Hz ni tiwa, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, àwọn glóòbù kan sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣíjú pa á dé, sí 1/50 tàbí 1/100 sẹ́kọ́ńdì, ìlà yẹn á lọ. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, mi ò ṣèlérí.

Tí ẹ bá wá fẹ́ tún un kùn náà, kò dìgbà tí ẹ bá kun gbogbo pálọ̀. Ògiri tí wíńdò wà lára ẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù, ẹ fi gírínì yín sílẹ̀ níbẹ̀ kí àlejò máa yìn ín. Èyí tó kọjú sí wíńdò àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ ń jókòó sí ni kí ẹ sọ di funfun tàbí áàṣì tó mọ́lẹ̀, àjà gbọ́dọ̀ funfun. Emulsion tí ò ń dán ni kí ẹ rà, ẹ má gbà kí ẹni tó ń ta pẹ́ǹtì fún yín ní èyí tó ń kọ mànà, torí tí ẹ bá tan fláàṣì, ojú iná á hàn lára ògiri gbàgẹ̀dẹ̀. Funfun lórí gírínì kì í bò lẹ́ẹ̀kan, ẹ múra sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì jẹ́ kí tàkọ́kọ́ gbẹ dáadáa. Omi tí wọ́n kọ sára bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ dà sí i, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ̀yìn ti ògiri á gbé ẹfun lọ sílé.

Ti ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ yẹn, ẹ má kùn ún lórí o! Ẹ gé láílọ́ọ̀nù funfun tí a lè rí òdìkejì ẹ̀, kó fẹ̀ tó ojú ìwé, ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ yípo mọ́ ògiri níbi tó ti ń bó, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ìrì bá sẹ̀ sí inú, níbi tó kọjú sí ògiri, omi wà nínú ògiri yẹn, paìpù tàbí ojú táìsì balùwẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí púlọ́ńbà kọ́kọ́ wò. Tó bá sẹ̀ síta, ọ̀rinrin ló pọ̀ nínú atẹ́gùn yàrá, ẹ máa ṣí wíńdò. Ohun funfun bí iyọ̀ tó ń hù lára ògiri, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Tí ẹ bá sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ tuntun, ẹ fún un ní bí ọjọ́ 28 kí pẹ́ǹtì tó kàn án, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá bọ́ sí oṣù kẹfà sí ìkeje tí òjò Rẹ́mọ kì í jẹ́ ká sá aṣọ. Tèmi bá jẹ́ tèmi, ọyẹ́ ni màá dúró dè.

Ibi tí àga ọmọ bá ti bọ́ sí dáadáa létí wíńdò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ má bàa tún máa wá a. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ò lè wọ́n nílé tíṣà.