Ta ni yóò bá ọmọ mi rìn dé yunifásítì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ọjà Kétu, ní Orílẹ̀-èdè Benin níbí, ni mo ti ń ta ẹ̀wà. Ọmọbìnrin mi wà ní 5ème, kíláàsì kejì ní girama. Ọkùnrin kan láti Kútọnu ní òun á jẹ́ parrain rẹ̀, bàbá ìsàlẹ̀, títí á fi wọ yunifásítì, òun á sì rí i pé ó gba bourse, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. 200,000 fáráǹ ló ní kí n mú wá, kí n san ìdajì rẹ̀ kí ìsinmi tó dé. Ó ní òun mọ àwọn èèyàn ńlá. Ṣé kí n san án, àbí kí n dúró dìgbà tí ọmọ bá dé Terminale, kíláàsì àṣekágbá?

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ má san fáráǹ kan. N ò mọ ọkùnrin náà, n ò sì pè é ní olè. Àmọ́ ẹni tó ń ṣèlérí bourse fún ọmọ 5ème ń ta ẹran tó ṣì wà nínú igbó. Lẹ́yìn kíláàsì yìí, ó ku ọdún márùn-ún gbáko kó tó jókòó fún BAC, ìdánwò àṣejáde girama. Tó bá gbà á, orí ìkànnì apresmonbac.bj ni òun fúnra rẹ̀ á ti yan ẹ̀ka tó fẹ́, èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọ́n á sì gbé wò. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ni parrain rẹ.

Ọ̀rọ̀ "èèyàn ńlá" yìí ló ń bí mi nínú jù. A ti da èèyàn mẹ́ta pọ̀ mọ́ra. Répétiteur ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, ó ń gbowó oṣù. Alágbàtọ́, tí à ń pè ní tuteur, ni ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìgboro, tó ń jẹun níbẹ̀, tó ń fọ abọ́ níbẹ̀. Ẹnì kẹta ni afinimọ̀nà, ẹni tó ń bá ọmọ rìn: kò ṣe èyí, kò ṣe ìyẹn. Tirẹ̀ ni pé kó mọ ọmọ pẹ́ débi pé bí nǹkan kékeré bá yí padà lára ọmọ náà, á rí i. Bàbá ìsàlẹ̀ kì í ráyè irú ẹ̀.

Mo bá ọmọkùnrin kan rìn ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín láti 6ème, kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ìlà mẹ́ta péré ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé 4ème, máàkì PCT rẹ̀, ìyẹn físíìsì àti kẹ́mísírì, já láti 14 sí 7 nínú ogún. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ lọ gba répétiteur. Mo ní kí ọmọ náà kó ìwé rẹ̀ wá kí n wò ó. N ò tíì ṣí i tí òórùn kpayo, epo fàyàwọ́, fi gbá mi nímú. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí ọmọ náà ń gbé nílé rẹ̀, ti fi í sídìí ìgò epo lẹ́bàá ọ̀nà, láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Kò lè sọ ọ́ fún répétiteur, ojú ń tì í. Ó sọ ọ́ fún mi torí ó ti di ọdún kẹta tí mo ti ń bi í pé, "Ilé ńkọ́?"

Mo lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀. N ò bú u, epo yẹn ló ń bọ́ ilé. A fẹnu kò sí ọjọ́ Sátidé nìkan. PCT gòkè dé 11, kò padà sí 14 mọ́. Ó kùnà ní BAC D, ti sáyẹ́ǹsì, nígbà àkọ́kọ́. Ọdún yẹn gan-an ni mo wúlò fún un jù, torí àwọn tó ti ń bá a ṣàríyá tẹ́lẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Àwọn oníwàdìí méjì ní Amẹ́ríkà, Jean Grossman àti Jean Rhodes, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2002. Àwọn ọmọ tí afinimọ̀nà wọn bá wọn ṣe tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù. Àwọn tí tiwọn dá wọn dúró láàárín oṣù mẹ́ta, ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn tilẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ro ti ẹni tó máa gba ìdajì owó, tí fóònù rẹ̀ á sì kú.

Ẹ ní kẹ́ ẹ dúró di Terminale? Ó ti pẹ́ jù, ìyá. Bí ọmọ bá kúrò ní 5ème ni ọ̀nà ti là sí méjì: 4ème MC (Moderne Court), tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí sáyẹ́ǹsì, àti ML (Moderne Long), tí wọ́n ń fi èdè Sípéènì tàbí ti Jámánì kún un. Lẹ́yìn BEPC, ìdánwò ìparí 3ème, ni sẹ́ríì, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́, wá dé: A, B, C, D. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà tó bá ara rẹ̀ ní A2, ti èdè àti lítíréṣọ̀, ẹkún ló kù. Ohun tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ bi tiyín léèrè.

Ta wá ni kí ẹ wá? Ẹ wo àyíká yín. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn àdúgbò, olùkọ́bìnrin kan, tàbí ọ̀dọ́bìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu yín níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á parí tirẹ̀, á lọ, torí náà ẹ bi í ṣáájú bóyá á lè máa pe ọmọ lórí fóònù lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Bí ẹ bá fẹ́ bu ẹ̀wà fún un, ẹ bù ú.

Obìnrin ni mo fara mọ́ fún ọmọ yín. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa pàdé, kí ẹ mọ ọjọ́, kí ẹ mọ wákàtí. Kò sí "ẹ jẹ́ kó wá bá mi ní Kútọnu" níbẹ̀ o. N ò fi èyí ṣeré.

Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, n ò rí ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ níbẹ̀. Ẹ bi í. Bí ẹ bá sì ti sanwó kí ìdáhùn mi tó dé, ẹ bá ọlọ́pàá tàbí lọ́yà sọ̀rọ̀, ìyẹn kọjá agbára mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ lọ bá censeur, ẹni tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yín. Ẹ mú bulletin, ìwé èsì ọmọ, dání, ẹ bi í pé MC ni àbí ML, kí ọmọ náà sì jókòó tì yín nígbà tó bá ń dá yín lóhùn.