Wárántì Oṣù Mẹ́ta Tí Kò Ní Rí Òjò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Kubwa ni a ń gbé níbí ní Abuja. Kọ́ńtírátọ̀ kan ń bá wa tún balùwẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti òrùlé ṣe, yóò sì parí ní oṣù kọkànlá. Ó ní òun yóò fún wa ní wárántì oṣù mẹ́ta lórí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó sì fẹ́ kí n san gbogbo ìyókù owó lọ́jọ́ tí ó bá parí. Kí ni wárántì yìí bò gan-an, ṣé oṣù mẹ́ta sì tó?

Ìdáhùn: Ìyá wa, kò tó, pàápàá fún òrùlé. Bí ẹ bá ka oṣù mẹ́ta láti oṣù kọkànlá, oṣù kejì ni yóò pé, nígbà tí ìlú ṣì gbẹ. Òjò kì í sábà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Abuja títí di oṣù kẹrin. Wárántì náà yóò ti kú kí òjò àkọ́kọ́ tó kan páànù yín. Oṣù méjìlá ni kí ẹ béèrè fún lórí òrùlé àti ohun gbogbo tí omi ń gbà kọjá, kí iṣẹ́ náà lè la òjò kan àti ọyẹ́ kan kọjá. Ọyẹ́ náà ní ohun tí ó máa ń tú síta: ilẹ̀kùn onígi a máa sún kì, ojú ìsopọ̀ àjà POP a sì máa là.

Ohun tí wárántì iṣẹ́ ọwọ́ bò ni àṣìṣe ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá kan táìlì, tí ó ń dún bí igbá òfìfo nítorí pé símẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀, tí ó sì sán lẹ́yìn náà, oníṣẹ́ ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí odó bá já lù ú, ti onílé nìyẹn. Ẹnu ẹ̀rọ omi tí ó bàjẹ́ láti inú wá, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á ni ẹ óò lọ, nítorí náà ẹ má ṣe sọ rísíìtì nù.

Ibi tí ìjà ti sábà ń ṣẹlẹ̀ ni páìpù inú ògiri. Àtúnṣe páìpù fúnra rẹ̀ kì í náni ní púpọ̀. Táìlì tí wọ́n ní láti fọ́ kí wọ́n tó débẹ̀ ni owó wà. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tí yóò san owó fífọ́ àti títò padà, iye ọjọ́ tí kọ́ńtírátọ̀ gbọ́dọ̀ fi dé lẹ́yìn tí ẹ bá pè é, àti ọjọ́ tí wárántì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra páálí táìlì kan sílẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọ̀ náà lè má sí lọ́jà mọ́ lọ́dún tí ń bọ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i kí ẹ tó pe púlọ́ńbà mìíràn. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti kan iṣẹ́ náà, àwáwí ti dé nìyẹn.

Ẹ má san gbogbo owó lọ́jọ́ náà. Nínú iṣẹ́ ilé, àṣà ni láti dá bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ dúró títí àkókò wárántì yóò fi pé, kọ́ńtírátọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í sì í bínú sí i. Bí ìwé kò bá tilẹ̀ sí, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún yín ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tí ó dára dé ìwọ̀n tí èèyàn lè retí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí ó tún un ṣe tàbí kí ó dá apá kan owó padà.

Kí ẹ tó san ohunkóhun mọ́, ẹ dí ojú ihò omi ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ẹ da omi sí i kí ó bo ilẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá wo àjà yàrá tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.