Katakata ń túlẹ̀ lọ́dọọdún, àgbàdo ń rẹ̀yìn

Ìbéèrè: Ọdún kẹfà rèé tí katakata ti ń tú oko àgbàdo mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ajílẹ̀ ò dín, àmọ́ bí òjò bá dá díẹ̀, ewé á ká. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí ẹ máa fi ọ̀bẹ gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́ ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, tí gbòǹgbò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, irin katakata ló ti tẹ ilẹ̀ abẹ́ di líle. Gbòǹgbò ò lè dé ibi tí omi wà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ fi irin katakata tó ń wọlẹ̀ jìn fọ́ ilẹ̀ líle náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ilẹ̀ bá tutù, ńṣe ni irin á kàn là á kọjá láìfọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ má tú u mọ́. Ẹ má sun pòròpórò, ẹ tẹ́ ẹ bo ilẹ̀ (bí màlúù ò bá tètè jẹ ẹ́), kí ẹ fi àdá gbin àgbàdo, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín poro sí poro, 25 láàárín igi sí igi, hóró kan. Koríko ló máa yọ yín lẹ́nu jù níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fín oògùn koríko ṣáájú gbígbìn. Ti iṣu yàtọ̀: ó ṣì ń fẹ́ ebè.