Òkè wo ló wà lẹ́yìn igi páìnì ńlá nínú àwòrán Cézanne tó wà ní Courtauld, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù?

Òkè Sainte-Victoire ni, nítòsí Aix-en-Provence ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ìlú tí wọ́n ti bí Paul Cézanne ní ọdún 1839. Gíga òkè náà fi díẹ̀ lé ní 1,000 mítà. Nǹkan bí ọdún 1887 ló ya àwòrán yìí.

Ẹ wo àwọn ẹ̀ka igi tó wà lókè àwòrán náà dáadáa. Bí orí òkè ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀ka ń tẹ̀ lé e, débi pé igi tó wà nítòsí àti òkè tó jìnnà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Àwọ̀ ló fi ya ìtòsí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà jíjìn: oko jẹ́ àwọ̀ ewé àti ìyeyè, òkè sì jẹ́ búlúù tó ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Afárá rélùwéè tín-ín-rín kan wà lápá ọ̀tún. Ó rọrùn kí ojú fò ó.

Cézanne kì í sábà kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó kọ ọ́ sára èyí nígbà tó fi ta akéwì ọ̀dọ́ kan, Joachim Gasquet, lọ́rẹ.

Ó ya òkè yìí lọ́pọ̀ ìgbà o. Bó bá jẹ́ èyí tó wà ní Phillips Collection, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Washington, lẹ rí, òkè kan náà ni, àwòrán mìíràn ni.